Orúkọ tí Ìyàwó Ilé Wa Sọ Mí

Ní ilé wa ní Ìkirè, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Bí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò, tó bá ti wà nílé kí ìyàwó tó wọlé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni. Ìyàwó gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn fún un, kó sì máa sọ "ẹ" sí i. Nítorí náà, nígbà tí bùrọ̀dá mi, àkọ́bí bàbá mi, gbé ìyàwó wá láti Àpòmù níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, gbogbo wa la gba orúkọ tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí kò mọ̀ ju ẹ̀rín lọ, di Eyínmẹ́nugún. Àbúrò bàbá mi tó gùn tó sì tín-ín-rín di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Èmi, tí n kò tíì lè fi ọwọ́ kan etí lódì kejì débi tí wọ́n máa gbà mí sílé ìwé, di Adájọ́.

Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí. Gbogbo ènìyàn rí eyín ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì rí gíga àbúrò bàbá mi. Tèmi nìkan ni kò sí ohun tí ojú lè rí, ni wọ́n bá gbà pé ìyàwó ti rí ohun tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Orúkọ ń ro ọmọ, ni àwọn àgbà wí.

Kí n tó lọ jìnnà: ìyá mi kọ́ mi pé bí ìyàwó tilẹ̀ jẹ́ ìyàwó, àgbà ni, kí n máa sọ "ẹ" sí i. Òun ń sọ "ẹ" sí mi, èmi náà ń sọ "ẹ" sí i, a wá dà bí àwọn àlejò méjì tó pàdé níbi ìsìnkú. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mò ń kọ yìí, "ó" ni n ó máa pè é. Ìyàwó ilé wa ni, ẹ̀tọ́ mi ni. Tó bá gbọ́, á fi mí ṣẹ̀rín ni.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn orúkọ náà tó bàbá mi. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n. Wọ́n ní ilẹ̀ kan lọ́nà Wásinmi tí àwọn àti ìdílé kan jọ ń fà, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé kóòtù kí wọ́n tó bí mi. Kóòtù sún un títí, bàbá mi lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n wọ agbádá kan náà lọ títí ọrùn rẹ̀ fi gbó. Nígbẹ̀yìn, ilẹ̀ náà bọ́. Láti ìgbà náà, bàbá mi gbà pé ayé pín sí méjì: àwọn tó ń dúró níwájú adájọ́, àti adájọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n wá gbọ́ tí obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí kò mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀, ń pe ọmọ wọn ní Adájọ́. Wọ́n ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà.

Báyìí ni wọ́n ṣe yọ mí kúrò láàárín ẹgbẹ́ mi. Tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń gbá bọ́ọ̀lù nínú erùpẹ̀, bàbá mi á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Adájọ́ kì í bá wọn yí erùpẹ̀." Tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹran, wọ́n á pè mí síwájú: "Adájọ́, ta ló jẹ̀bi?" Mo máa ń dá a bó ṣe yé mi. Ẹni tí mo dá lẹ́bi kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tí mo dá láre náà kò ní bá mi sọ̀rọ̀, nítorí ó ń bẹ̀rù ìgbà tí yóò kàn án. Mo jókòó sórí àga kékeré mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, mò ń wo àwọn tó ń pariwo lójúde, inú mi sì bàjẹ́ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àpọ́nlé tí kò jẹ́ kéèyàn ṣeré, kí ló fẹ́ dùn níbẹ̀?

Ìyàwó nìkan ni kì í ní kí n dá ẹjọ́. Tó bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé, níbi tí ìyá mi ti ń dín dòdò tí wọ́n ń tà fún àwọn èrò ọkọ̀, á nahùn pè mí: "Adájọ́ mi, ẹ wá jókòó tì mí." Mo máa lọ. Òun á máa bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n títí tó fi dúdú, òórùn epo pupa á gba ibẹ̀ kan, a ò sì ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rántí nípa rẹ̀ ni pé ó mú mi lọ sí Àpòmù lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí kò tíì pẹ́ tó dé ilé wa. Ẹsẹ̀ la fi rìn. Ó ra ìrèké fún mi. Nígbà tí a ń bọ̀, mo sùn lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Òun náà dá wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí n tó mọ̀. Èkó ni bùrọ̀dá mi ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń wá lóòrèkóòrè. Lẹ́yìn náà ó di Iléyá sí Iléyá, lẹ́yìn náà ó di pé kó ránṣẹ́. Bùrọ̀dá mi mọ ọjọ́ dá, ṣùgbọ́n kì í pa á mọ́. Á ní òun ń bọ̀ ní Sátidé. Ní Sátidé, ìyàwó á tètè wẹ̀, á lé tìróò, á wọ aṣọ tí ó ti fi ààrọ̀ lọ̀, á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi pé atẹ́gùn ló ń gbà. Nígbà tí wọ́n bá ti tan fìtílà, á wọlé lọ bọ́ aṣọ náà, á ká a. Ìyá mi máa ń bu ẹran kún oúnjẹ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo parí ilé ìwé girama, mo ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, mo kọ ọ́ pé ìmọ̀ òfin ni mo fẹ́. Wọn ò mú mi. Mo tún un ṣe, wọn ò mú mi. Lọ́dún kan, wọ́n ní kí n wá kọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn. Bàbá mi ní ṣé àwọn ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ní oko ni, pé kí n tún òfin ṣe. Mo tún un ṣe. Àwọn tí mo ti dá lẹ́jọ́ ẹran nígbà kan wọ Ifẹ̀, wọ́n wọ Ìbàdàn, wọ́n ń dé fún ìsinmi pẹ̀lú bàtà olókè. Nígbà tí àìsàn dá bàbá mi gúnlẹ̀, tí mo bá ti wọ yàrá, wọ́n á ní, "Adájọ́, o ti dé?" bíi pé ilé ẹjọ́ ni mo ti ń bọ̀. Mo máa ń dáhùn pé mo ti dé. Wọ́n kú láìrí adájọ́ kankan nínú ilé wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo ríṣẹ́, ẹ sì wo irú iṣẹ́ tí mo rí: akọ̀wé ní kóòtù kékeré kan nítòsí Gbọ̀ngán. Àga mi wà nísàlẹ̀ àga adájọ́ gan-an. Tí mo bá yíjú sẹ́yìn, bàtà rẹ̀ ni mò ń rí. Iṣẹ́ mi ni kí n pariwo pe àwọn tó lẹ́jọ́, kí n sì kéde ọjọ́ tí wọ́n tún sún ẹjọ́ sí. Àwọn bàbá tó jọ bàbá mi, nínú agbádá tí ọrùn rẹ̀ ti gbó, á gbọ́ ọjọ́ náà lẹ́nu mi, wọ́n á kí mi pé ẹ ṣeun, wọ́n á sì rìn lọ nínú oòrùn.

Yàrá kan ni mo gbà ní Gbọ̀ngán. N kì í lọ sí Ìkirè mọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà náà kò jìn. Orúkọ yẹn ni mò ń sá fún. Tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan á ti kígbe láti òdì kejì títì pé, "Adájọ́ ti dé o! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kí Adájọ́!" Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Mo ń sọ fún ara mi pé n ó padà sílé lọ́jọ́ tí orúkọ náà bá bá mi mu.

Mo dá wà ní Gbọ̀ngán, n kò ní fi bò. Nígbà ààwẹ̀, mo ń ra àkàrà àti ògì, mo ń ṣínu lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mò ń gbọ́ àwọn tó wà ní yàrá kejì tí wọ́n ń gbé abọ́ fún ara wọn, tí ọmọ wọn ń bèèrè bóyá ó ti tó àkókò. Nígbà mìíràn mo máa ń kàwé sókè kí n lè gbọ́ ohùn ènìyàn nínú yàrá mi. Ìwé ìdánwò náà ni. Mo ṣì ń tún un ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, bí àwọn ọdún 1990 ti ń lọ sópin, awakọ̀ kan wá bá mi ní kóòtù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó yín ní Ìkirè ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí Adájọ́ wá dá ọjọ́ fún àwọn."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbójú sókè. Mo ní n kò níyàwó.

Ó ní, "Èwo ni tèmi níbẹ̀? Bí wọ́n ṣe rán mi ni mo ṣe jẹ́ ẹ."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ kan ló wà láàárín ìyàwó ilé wa àti bùrọ̀dá mi, tó fẹ́ kí n wá yanjú. Ní òpin ọ̀sẹ̀, mo lọ. Ilé wa tí kì í dákẹ́ nígbà kan ti pa lọ́lọ́. Ìyá mi ti lọ bá Eyínmẹ́nugún gbé ní Ìbàdàn, wọ́n ń bá a wo ọmọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti lọ jókòó sóko ní Ìkòyí tó wà nítòsí Àpòmù. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ìyàwó bí, bùrọ̀dá mi ti mú un lọ Èkó, ó ní ilé ìwé ibẹ̀ dára jù. Gbogbo ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà ní títì, àyàfi ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ìyàwó jókòó sí, ó ti di ẹrù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ káàbọ̀, Adájọ́ mi."

"Ẹ kú ilé, Ìyàwó. Ẹjọ́ wo ló wà nílẹ̀?"

"Kò sẹ́jọ́ kankan. Mo fẹ́ máa lọ sílé ni. Ìyá mi ò ríran mọ́, kò sẹ́ni tó ń bu omi fún wọn. Níbí ńkọ́, ta ni mò ń bu omi fún?"

Mo bèèrè ohun tí bùrọ̀dá mi wí.

"Wọ́n ní kí n ṣe é bó bá ṣe wù mí. Wọ́n ti fẹ́ ẹlòmíì l'Ékòó. Àbí ẹ ò gbọ́?"

Mo ti gbọ́. Mo ní kí ló wá dá a dúró, ẹrù ti wà ní dídì.

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. "Ta ló máa sìn mí? Wọ́n fi ayọ̀ sìn mí wọ ilé yìí ni. Tí mo bá wá dá ẹrù rù, tí mo gba àárín Ìkirè kọjá lémi nìkan, kí ni wọ́n máa pè é? Wọ́n á ní mo kó jáde. Mi ò kó jáde, Adájọ́. Mo gbé ilé yìí, mo sin bàbá yín, mo tọ́jú ìyá yín. Ọmọ ilé ni kó sìn mí lọ."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìyàwó tó bá dá lọ, ìyàwó tó kọ ọkọ ni lójú gbogbo ayé. Èyí tí ọmọ ilé bá sìn lọ, ó lọ pẹ̀lú iyì, orúkọ rẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tó ti fi gbé ilé wa, ohun tó kù tó fẹ́ gbà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Mo ní àwọn tó dàgbà jù mí wà nínú ẹbí.

"Ẹ̀yin ni mo ránṣẹ́ sí," ló wí. "Ẹ dá ọjọ́ fún mi."

Mo ronú nípa iṣẹ́ mi, mo ronú nípa ìwé tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ní, "Ọjọ́ ọjà Àpòmù tó ń bọ̀."

Ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ pé ọjọ́ tí n ó dá nìyẹn. Kò yé mi, n kò sì bèèrè.

Lọ́jọ́ náà, mo wọkọ̀ kùtùkùtù láti Gbọ̀ngán. Nígbà tí mo yọ sí ojúde, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ òfì, tìróò wà lójú rẹ̀. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà nígbà tó rí mi. Ẹni tó ti mọ̀ lára pé ẹni tí òun ń dúró dè kì í wá, tí ẹni náà wá dé, ojú rẹ̀ nìyẹn. Ó ti gbálẹ̀ gbogbo ilé, títí kan yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí. Mo ti ilẹ̀kùn ńlá, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Kò sí ẹni kankan nínú ilé bàbá mi mọ́.

Ọkọ̀ kan kó ẹrù ṣáájú. Ìyàwó ní ẹsẹ̀ ni ká fi rìn. Bí a ṣe ń kọjá, àwọn ènìyàn ń yọjú. "Ibo lẹ̀ ń lọ o?" Mo gbóhùn sókè, ohùn tí mo fi ń pe ẹjọ́ ní kóòtù, mo ní, "Mò ń sin ìyàwó wa lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn!" Mo wí i ní ojúde kọ̀ọ̀kan, mo wí i fún ìyá oníṣọ́ọ̀bù, mo wí i fún àwọn tó jókòó níwájú mọ́sálásí. Wọ́n ń dáhùn pé, "Ẹ kú ìdúró ti ìyàwó o, Adájọ́. Ọlọ́run á sìn yín lọ." Ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé orí sókè. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ mọ ìwúlò ohùn mi.

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí ẹní ní ilé wọn ní Àpòmù, wọ́n ń fi ọwọ́ wá tẹ̀sùbáà wọn kiri. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ wa. "Ta ló sìn ẹ́ wá?"

"Adájọ́ ni, ìyá mi."

"Adájọ́ wo? Ọmọ kékeré ìjọ́sí tó dá ọjọ́ fún ẹ?"

Mo dúró síbẹ̀, tìmùtìmù tí wọ́n ní kí n jókòó lé wà lọ́wọ́ mi. Ìyá náà na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kàn mí lórúnkún, wọ́n ń wá ibi tí orí mi wà. "Áà, o mà ti ga! Ìwọ lo mú ọmọ mi wá bá mi nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délé yín. O ní o ti ṣèlérí fún un. O tún ní o gbọ́dọ̀ mú un padà kí ilẹ̀ tó ṣú, pé ìyá rẹ ló ní kó o mú un padà."

Mo yíjú sí ìyàwó. Ó ti bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tó wọ ilé wa, òun lọ ń sunkún lẹ́yìn àrò. Ni mo bá dé, mo dúró, mo ní kó má sunkún mọ́, tó bá di ọjọ́ ọjà Àpòmù, n ó sìn ín lọ bá ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọdé, òun kò kà á sí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, mo ti wẹ̀, mo wọ aṣọ Iléyá mi, mo dé fìlà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ní, "Ọjọ́ ti pé." Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì ní kí a máa lọ.

Ẹni tó ń dá ẹjọ́, adájọ́ ni. Ẹni tó ń dá ọjọ́, adájọ́ náà ni. Ẹnu ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ìrántí tèmi, òun ló mú mi lọ ọjà ra ìrèké. Nínú tirẹ̀, èmi ni mo sìn ín.

Inú bí mi, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Mo ní, "Ìyàwó! Gbogbo ọdún yìí, ẹ ò lè sọ ọ́? Bàbá mi kú sórí ọ̀rọ̀ yìí!"

"Ta ló bi mí?" ló wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Mo kàn pè yín bẹ́ẹ̀ ni. Kí n tó mọ̀, bàbá yín ti ń jó, wọ́n ní adájọ́ kóòtù ni. Ìyàwó ọ̀sẹ̀ kan ni mí. Ṣé kí n sọ fún bàbá ọkọ mi pé irọ́ ni? Mo rò pé ẹ̀yin mọ̀. Ẹ̀yin ṣáà lẹ dá ọjọ́ náà."

Mo gbé tìmùtìmù náà sílẹ̀. Mo jókòó. Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì jáde pẹ̀lú rẹ̀, ìyá arúgbó náà ń bèèrè pé kí ló dé. Mo ti fi ìgbà èwe mi lé orúkọ kan kiri, mo jókòó sísàlẹ̀ bàtà rẹ̀, mo sá kúrò nílé nítorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kí n tó mọ ọ̀nà ilé ìwé ni mo ti jẹ́ ẹ.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó sìn mí dé títì. Èmi nìkan ló kù tó ń padà, mo sì mọ̀ pé yàrá mi ní Gbọ̀ngán wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo ní ó dàbọ̀. Ó ní, "Adájọ́ mi, ọjọ́ wo?"

Lójoojúmọ́ ni mò ń kéde ọjọ́ fún àwọn ènìyàn láìwo ojú wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ọjọ́ ọjà."

N kò jókòó ìdánwò náà mọ́ lọ́dún yẹn, tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣì dá wà nínú yàrá mi, ìyẹn ò yí padà ní ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ọjà Àpòmù tún dé, mo jí kí wọ́n tó pèrun, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ Iléyá mi, mo sì wọkọ̀. Ilẹ̀kùn wọn ṣì wà ní títì nígbà tí mo dé. Mo gbọ́ ìgbálẹ̀ tó ń lọ nínú ilé. Mo kan ilẹ̀kùn, ó bèèrè pé ta nìyẹn.

Mo ní, "Ọjọ́ ti pé."